Ọ̀pá táyà àti bíréèkì ọkọ̀ ojú irin kékeré: irin wo ni ká fi ṣe é?

ÌBÉÈRÈ (láti Kétu)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo ń kan ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń fi oru omi rìn, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbé sórí tábìlì wò o, èyí tó máa fa èèyàn ni, ojú irin 127 mm. Férémù ti dúró, táyà mẹ́fà ti wà nílẹ̀, fonte (irin dídà) ni wọ́n fi dà á, ọ̀pá tó máa so táyà méjì méjì pọ̀ ni mo wá há sí. Ẹnì kan ní inox ni kí n rà kó má bàa dógùn-ún. Ẹlòmíì ní irin rírọ̀ lásán ti tó. Tourneur àdúgbò wa, ẹni tó ń gé irin lórí ẹ̀rọ tour, ní kí n lọ gé irin kọ́nkéré wá, pé irin ni irin ń jẹ́. Ti bíréèkì tún burú jùyẹn lọ, ẹnì kan ní kí n tú páàdì zém (ọ̀kadà) kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ẹnì kan ní igi, ẹnì kan ní alumí. Owó ọwọ́ mi ò tó nǹkan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ní kí n lọ ra nǹkan ní Faransé.

* * *

Ará Kétu, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú owó tó ń jáde lápò. Gbogbo ẹni tó bá bọ́ sínú iṣẹ́ yìí ló ń há síbi tẹ́ ẹ há sí yẹn, kí n tiẹ̀ kọ́kọ́ kó ohun tí wọ́n máa ń sọ jọ ká lè mọ ibi tá a ti ń jà. Àwọn kan wà tó jẹ́ agbára ṣáá ni wọ́n ń wá, wọ́n ní tí ọ̀pá bá ṣẹ́ lábẹ́ ọkọ̀ gbogbo iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn, àwọn yìí ni wọ́n ń dárúkọ XC48, irin tó le ju irin rírọ̀ lọ, àti àáfù-ṣáfù Peugeot, ọ̀pá tó ń yí táyà mọ́tò. Àwọn kan ń sá fún ìpẹtà, inox ló máa ń wà lẹ́nu wọn. Àwọn tó kù, ohun tó bá ti wà nílẹ̀ ni wọ́n máa fi ṣe é.

Èmi ò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó bá béèrè pé irin wo ni ọ̀pá, ìdajì ìbéèrè ló béèrè yẹn. Ọ̀pá yẹn máa yí nínú nǹkan kan, kí ni nǹkan ọ̀hún? Ṣé bronze ni àbí fonte, ṣé bíárìn ni? Páàdì bíréèkì náà máa fara gbo táyà, kí ni wọ́n fi ṣe táyà? Méjì méjì là ń yan irin níbi tí nǹkan bá ti ń gbo ara wọn, ẹ kọ́kọ́ wo èyí tẹ́ ẹ fẹ́ kó jẹ, èyí tó rọrùn láti pààrọ̀, kẹ́ ẹ wá fi èkejì le jù ú lọ. Ohun tí mò ń wí ò ju ìyẹn lọ, ìyókù jẹ́ àlàyé.

Ẹ sọ ohun tí ilé ọ̀pá yín máa jẹ́ fún wa.

* * *

Ẹ̀gbọ́n tó ń kọ̀wé láti Ṣábẹ̀ẹ́ ti dá mi lóhùn, wọ́n ní mò ń fojú kéré agbára, pé irin rírọ̀ máa tẹ̀ lọ́jọ́ tí èèyàn mẹ́rin bá jókòó sẹ́yìn, pé àáfù-ṣáfù ni. Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ o, mo dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò ó ká tó jà.

Ká ní ọkọ̀ yẹn wúwo tó 60 kg. Ọ̀pá mẹ́ta, 20 kg lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 10 kg lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tí àárín ilé ọ̀pá sí àárín táyà bá jẹ́ 20 mm, tí ọ̀pá fúnra rẹ̀ sì nípọn 16 mm, ohun tó ń tẹ irin yẹn kò ju 5 N lórí mm² kan lọ. Irin rírọ̀ tó kéré jù nínú ìwé, èyí tí wọ́n ń pè ní S235, ó máa gba 235 kó tó tẹ̀ débi tí ò ní lè padà. Àwọn èèyàn tó jókòó sẹ́yìn kọ́ ni wọ́n wà lórí ọ̀pá yìí, orí àwọn wágọ̀nù ni wọ́n wà.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní písítínì ńkọ́. Sílíńdà 38 mm, oru 5.5 bar, á máa ti nǹkan bí 620 N. Ibi tó ti ń ti pin, irin kékeré tó yọ lára táyà, wà níta táyà, ẹ jẹ́ ká ní ó fi 40 mm jìnnà sí ilé ọ̀pá, pin náà fi 28 mm jìnnà sí àárín táyà. Ẹ ṣe ìṣirò títẹ̀, ẹ ṣe ti lílọ́, ẹ da méjèèjì pọ̀, kò pé 75. Ìyẹn ò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí irin tó kéré jù lè gbà. Kò sí ọ̀pá kankan tó máa ṣẹ́ níbẹ̀, àfi tí ìgbà tí wọ́n ń gé e lórí tour wọ́n fi igun mímú sílẹ̀ níbi tó ti tín-ín-rín lọ sínú táyà. Ẹ jẹ́ kí igun yẹn rí róbótó díẹ̀.

Ẹni tí sílíńdà rẹ̀ wà láàárín férémù, tí ọ̀pá rẹ̀ ní kọ́rọ́ńkẹ́ nínú, ìyẹn ibi tí wọ́n tẹ̀ kí písítínì lè máa tì í, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, kó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ohun tó ń pa ọ̀pá ni jíjẹ níbi tó ti ń yí, àti táyà tó rọra yí kúrò nípò rẹ̀ lórí ọ̀pá. Agbára ò wọ̀ ọ́.

* * *

Ẹni tó dárúkọ inox ti ń bínú sí mi. Ó ní Àjàṣẹ́ lòun ń gbé létí ọ̀sà, pé irin tí wọ́n gbé sílẹ̀ lálẹ́ ti máa pọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́, kí n má wá kọ́ òun ní ìpẹtà. Òótọ́ ni, èmi náà Àjàṣẹ́ ni mo wà, mo mọ ohun tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń fi ojú irin rí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀pá yẹn dáadáa. Ibi tó ti ń yí nínú bronze, òróró ló wà níbẹ̀, ìpẹtà ò lè débẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń bomi òróró sí i. Ibi tó wọ inú táyà, ó há pinpin, kò sí afẹ́fẹ́. Àárín nìkan ló ṣẹ́ kù, ẹ kùn ún lọ́dà. Kí wá ni inox ń ṣe?

Ohun tí inox máa bà jẹ́ fún un nìyí. 304, ìyẹn inox tó wọ́pọ̀, tí ọ̀bẹ tour bá ń gbo ó láìgé e, ojú rẹ̀ á le kankan, ọ̀bẹ á kú, ẹ ò ní rí ojú dídán tẹ́ ẹ ń wá. Inox lórí inox ń gé ara wọn jẹ títí wọ́n á fi lẹ̀ pọ̀ tí ẹ ò ní lè tú u. Loctite, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ táyà mọ́ ọ̀pá, ò tètè gbẹ lórí inox, àfi tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ fi oògùn tó ń mú un gbẹ kùn ún. Mo rí i tí ẹnì kan ní inox ń fẹ̀ nínú ooru ju irin lásán lọ, òótọ́ ni, 17 sí 12 nínú mílíọ̀nù kan fún ìwọ̀n ooru kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n lórí 16 mm tí ooru fi 60°C gòkè, ìyàtọ̀ yẹn jẹ́ 0.005 mm, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà sha. Inox nínú bronze pẹ̀lú òróró máa yí dáadáa, tó bá ti wà lọ́wọ́ yín lọ́fẹ̀ẹ́, tí tourneur yín sì mọ̀ ọ́n gé, ẹ lò ó. Mi ò kàn ní rówó rà á fún iṣẹ́ yẹn ni. Ibi tí màá ti rówó ra inox ni àwọn pin kékeré bíréèkì àti sípíríìnì rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń rántí bomi òróró sí ìyẹn.

* * *

Irin kọ́nkéré: rárá. Kò rí róbótó, egungun wà lára rẹ̀, ibì kan le ibì kan rọ̀ nínú ọ̀pá kan ṣoṣo. Tẹ́ ẹ bá gé egungun yẹn kúrò lára 20 mm kí ló kù. Ẹ bá mi kí tourneur yẹn.

* * *

Ó ti ń dùn o. Ẹnì kan ní ìdí tóun fi ń lo irin àlòkù ni pé irin tuntun tó dáa ò sí nítòsí, pé tóun bá lọ sí quincaillerie, ilé ìtajà irin, tóun ní òun fẹ́ XC38, irin bíi XC48 tó rọ̀ díẹ̀ sí i, ńṣe ni wọ́n á máa wo òun lójú. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ ti ferraille, irin àlòkù, nígbà náà, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń rajà.

Ọ̀pá inú amortisseur mọ́tò, ohun tó ń gba gbígbọ̀n mọ́tò: èyí dáa, ojú rẹ̀ dán, wọ́n ti fi chrome bò ó, ó sì le lójú. Nínú bronze, ohun tó dáa ni. Wàhálà rẹ̀ ni pé ọ̀bẹ acier rapide, ọ̀bẹ tour lásán, ò ní wọ ojú rẹ̀, carbure tó le jù ú lọ ni kẹ́ ẹ lò, tẹ́ ẹ bá sì ti gba ojú líle yẹn kọjá inú rẹ̀ á gé bí irin lásán. ẸṢỌ́RA NÍBÍ: ọ̀pọ̀ amortisseur ní gáàsì tí wọ́n tẹ̀ mọ́nú rẹ̀, pẹ̀lú òróró. Ẹ má kàn gbé ayùn lé e. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́kọ́ lu ihò kékeré tú gáàsì yẹn jáde, kó fi aṣọ bo ibẹ̀, kó wọ awò ojú.

Ọ̀pá inú ìmúrímáǹtì àti photocopieur tó ti kú: ó gún, ó dán, iṣẹ́ ti tán lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n tín-ín-rín ni, ó sábà máa ń wà láàárín 6 sí 12 mm. Ẹni tó ń kan ojú irin 89 mm lè wò ó. Ará Kétu, kò lè tó tiyín.

Àáfù-ṣáfù: irin gidi ni, ẹ̀gbọ́n Ṣábẹ̀ẹ́ ò purọ́. Ó le jù ni, wọ́n ti fi iná àti omi mú un le. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, kó fi èédú sun ún títí á fi pọ́n dáadáa, kó wá tì í bọ inú eérú gbígbẹ kó sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nígbà yẹn ó máa ṣeé gé. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá wo owó èédú àti wàhálà, tẹ́ ẹ bá wo ìṣirò tí mo ṣe lókè, kí lẹ ń wá?

Irin étiré, èyí tí wọ́n fà nígbà tó tutù tó ń dán yẹn, òun ni mo fẹ́ràn jù. Ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ mọ̀, ojú rẹ̀ ní ìnira nínú láti ìgbà tí wọ́n ti fà á, tẹ́ ẹ bá fá ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, bóyá ẹ gbẹ́ ojú clavette (irin kékeré tó ń di táyà mọ́ ọ̀pá) gígùn sí i, ó máa tẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan àárín rẹ̀, kìkì ìparí méjèèjì ni kẹ́ ẹ gé.

Stub náà wà, èyí tí wọ́n ti lọ̀ pé pérépéré, tó ní carbone bí 1%. Ó dùn-ún lò, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ tì í bọná láti mú un le o, bó ṣe wà ni kẹ́ ẹ lò ó. Ṣùgbọ́n Faransé la ti ń rà á, arákùnrin ti ní ká má dárúkọ ibẹ̀.

* * *

Ẹ̀gbọ́n Ṣábẹ̀ẹ́ ti gbé wa kúrò lórí ọ̀rọ̀, wọ́n ní kí ló dé tí ará Kétu ń kan ọkọ̀ àwọn Òyìnbó nígbà tí ojú irin tiwa gba Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá. Wọ́n gbádùn mi. Ojú irin tiwa 1 m ni fífẹ̀ rẹ̀, láti Kútọnu dé Parakou, 438 km, ọdún 1936 ló dé Parakou. Tẹ́ ẹ bá ń ya ọkọ̀ tirẹ̀ sórí 127 mm, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá kan nínú 8. Ti àwọn Òyìnbó, 1435 mm ni tiwọn, ìdá kan nínú 11 àti díẹ̀ ló máa jẹ́ lórí ojú irin kan náà.

Kì í ṣe ìtàn lásán ni mò ń sọ. Tẹ́ ẹ bá fi bọ́ílà àti férémù tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ sórí ojú irin kan náà, ọkọ̀ tiwa máa wúwo ju tiwọn lọ dáadáa, ó lè ju ìlọ́po méjì. Ẹ má kàn mú ìwọ̀n ọ̀pá látinú plan Gẹ̀ẹ́sì kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkọ̀ Benin-Niger, ìyẹn ti ojú irin tiwa yìí. Ọ̀pá tó nípọn 130 mm lára ọkọ̀ ńlá máa di nǹkan bí 16 mm lára tiwa, ó bára mu. Ṣùgbọ́n ojú bronze tó gbé e, ẹ jẹ́ kó gùn sí i, torí ìwúwo yẹn orí rẹ̀ ló ń bọ̀.

* * *

Ará Kétu ti dáhùn: bronze ni ilé ọ̀pá, wọ́n ti gé mẹ́ta nínú mẹ́fà. Ó dáa. Ọ̀rọ̀ ọ̀pá ti parí níyẹn, irin rírọ̀ étiré tàbí XC38, 16 mm, kẹ́ ẹ lọ.

Ẹlòmíì wá já lu ọ̀rọ̀, ó ní bronze ti di ọ̀rọ̀ àtijọ́, bíárìn táyà zém ni, 6202, inú rẹ̀ 15 mm, ìta 35 mm, ó pọ̀ nílé gbogbo alátùn-ún-ṣe. Mi ò bá a jà. Lára wágọ̀nù tí èèyàn ń jókòó lé, bíárìn ni mo ń lò. Lára ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ẹ ronú sí i: eérú, omi, oru, iyanrìn, gbogbo rẹ̀ ló ń já bọ́ sílẹ̀ síbẹ̀. Ilé ọ̀pá gbọ́dọ̀ lè gòkè sọ̀kalẹ̀ nínú férémù, kó sì tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún díẹ̀ nígbà tí táyà kan bá gun òkè lórí ojú irin tí ò tẹ́jú. Bronze máa gba ìyẹn tẹ́ ẹ bá fi àyè díẹ̀ sí i. Bíárìn ò fẹ́ràn ẹ̀.

Èyí tó máa ń bí mi nínú ni àwọn tó ń lo bíárìn abẹ́rẹ́ tààrà lórí ọ̀pá rírọ̀. Abẹ́rẹ́ yẹn le ju ọ̀pá lọ ní ìlọ́po, á gbẹ́ ojú ọ̀nà sára rẹ̀ láìpẹ́. Tó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ dandan, kẹ́ ẹ fi òrùka líle bọ̀ ọ́ lára tàbí kẹ́ ẹ wá ọ̀pá tí ojú rẹ̀ ti le. Ọ̀pá amortisseur tún ń bọ̀ wá ṣe wá lóore níbí.

Fonte ńkọ́ fún ilé ọ̀pá? Ó dáa, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni kó yín láyà jẹ. Graphite inú rẹ̀, èyí tó ń yọ̀ bí òróró, ń ràn án lọ́wọ́. Tí òróró bá ń dé ibẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ máa pẹ́, owó rẹ̀ kéré sí bronze.

* * *

Ó yẹ ká sọ ti bí táyà ṣe máa dúró lórí ọ̀pá, torí ibẹ̀ ni mo ti rí ìbànújẹ́ jù. Gbogbo ayé ti di ọmọ ẹ̀yìn Loctite, oríṣi tí wọ́n ń pè ní 638, ẹ fi àyè 0.05 mm sílẹ̀, ẹ kùn ún, ẹ tì í wọlé, ẹ yí i kí táyà ọ̀tún àti tòsì fi 90° yàtọ̀ síra, ó ti gbẹ. Ó dáa, ó sì dára ju kí ẹni tí kò ní ẹ̀rọ máa fi òòlù lu táyà fonte wọlé, ó máa là.

Ṣùgbọ́n ọ̀pá kan wà tó máa ń kọjá lábẹ́ ibi iná tàbí nítòsí àwo eérú. Àwọn gọ́ọ̀mù yẹn, tí ooru bá ju 150°C lọ agbára wọn ti ń lọ sílẹ̀, tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ fẹ́ tú wọn, iná ni wọ́n fi ń tú wọn. Lára ọ̀pá yẹn, ẹ fi goupille, ìṣó kékeré tó gba inú táyà àti ọ̀pá kọjá, kún Loctite, tàbí clavette kékeré níparí. Ẹlòmíì ní òun ò fi goupille sí i rí, kò sì tú rí. Mo gbọ́. Àwo eérú tiẹ̀ lè jìnnà.

* * *

BÍRÉÈKÌ. Mo mọ̀ pé ibí lẹ ń dúró dè.

Páàdì zém: ẹni tó sọ ọ́ ò tíì gbìyànjú ẹ̀, ó dá mi lójú. Ìlù bíréèkì ọ̀kadà kékeré sábà máa ń jẹ́ 110 tàbí 130 mm, táyà ọkọ̀ yín náà wà níbẹ̀ níbẹ̀, lójú ó dà bíi pé Ọlọ́run ló bá wa ṣe é. Ṣùgbọ́n inú ìlù ni páàdì zém ti ń ṣiṣẹ́, ó ń tì síta, ẹ̀yìn rẹ̀ ló yọ gọngọ. Táyà ọkọ̀ ojú irin ìta rẹ̀ la ń di mú, páàdì tó tẹ̀ wọnú la nílò. Ìdàkejì pátápátá ni. Ẹ máa ní kẹ́ ẹ bó o kúrò lára alumí kẹ́ ẹ yí i padà, ó máa fọ́ sí yín lọ́wọ́, tí ò bá fọ́ ẹ máa fá a títí á fi di ìwé.

Fonte lórí fonte. Páàdì fonte ni àwọn ọkọ̀ ńlá náà fi ń dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún, lórí táyà irin tiwọn, títí dòní ó ṣì wà. Ariwo rẹ̀ ló mú kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ ní Yúróòpù. Fún tiwa, ẹ gé e látinú ohun èlò fonte kankan tó ti kú. Ìlù bíréèkì mọ́tò àlòkù, fonte ni, ìtẹ̀kọrọ tó wà nínú rẹ̀ lè má bára mu, ẹ fi tour gé e bá táyà yín.

Irin rírọ̀ lórí táyà fonte: mi ò fẹ́ ẹ. Ó máa ń gé táyà, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ọṣẹ ló yẹ kó tán, kì í ṣe ara tó ń wẹ̀. Táyà lẹ fi oṣù bíi mélòó kan dà tẹ́ ẹ gé, páàdì lẹ lè gé lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

Alumí: ó rọ̀ jù táyà lọ, nítorí náà ó yẹ kó dáa, àbí? Kò dáa. Iyanrìn àti èérún irin máa ń wọ inú rẹ̀ wọn á há síbẹ̀, ó wá di fáìlì tó ń gé táyà yín ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì. Èyí ló jẹ́ kí n má gbà pé "èyí tó rọ̀ ju" nìkan tó, ẹ tún ní láti béèrè ohun tó máa gbé mì.

* * *

Ẹni tó mú ọ̀rọ̀ igi wá kò ṣìnà tó bí ẹ ṣe rò, ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Láyé àtijọ́ àwọn rélùwéè fi igi ṣe páàdì, igi tó rọ̀ ni wọ́n máa ń lò. Tó bá le jù ojú rẹ̀ á kàn máa dán, kò ní di nǹkan mú, torí náà kẹ́ ẹ gbàgbé ìrókò àti tíìkì. Lára wágọ̀nù tí òróró ò dé ó ṣeé ṣe. Lára ọkọ̀ tó ń da òróró àti omi kiri, tí òróró bá ti rin ín ẹ ò ní bíréèkì mọ́.

Páàdì mọ́tò àlòkù tó wá láti Yúróòpù, tẹ́ ẹ fẹ́ gé sí wẹ́wẹ́: ẹ wo ọjọ́ orí rẹ̀. Àwọn tó ti pẹ́ máa ń ní amiante (asbestos) nínú, eruku rẹ̀ tó wọ ẹ̀dọ̀fóró kì í jáde, Faransé fòfin dè é ní 1997. Ẹ ò lè fi ojú mọ èyí tó wà nínú ẹ̀. Ẹ má fá páàdì àtijọ́ ní gbígbẹ, ẹ má fẹ́ eruku rẹ̀ lẹ́nu, kódà ẹ má mú un wọlé rárá, tí fonte bá wà kí lẹ ń fi ẹ̀mí yín ṣe?

* * *

Ẹnì kan bínú pé a ti fi ọjọ́ púpọ̀ ja ìjà páàdì, kí n kúkú sọ èyí tó máa dúró kíákíá jù. Ìdáhùn: kò sí. Ẹ jẹ́ n ṣírò ìkejì kẹ́ ẹ rí i.

Ọkọ̀ 60 kg, wágọ̀nù àti èèyàn 340 kg, àpapọ̀ 400 kg. Eré 10 km ní wákàtí. Agbára tó wà nínú ìrìn yẹn tó nǹkan bí 1,540 J. Táyà irin lórí ojú irin, lójú ọ̀nà tí ìrì ti sẹ̀ sí tàbí tí òróró ti kán sí, tí agbára tó fi ń di ojú irin mú bá tó 0.15 ìwúwo rẹ̀, ẹ ṣọpẹ́. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ nìkan ló ní bíréèkì, 60 kg rẹ̀ kò lè di ilẹ̀ mú ju 88 N lọ. Ẹ fi 88 pín 1,540, ó máa rìn nǹkan bí 17 m kó tó dúró, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Lórí ìsọ̀kalẹ̀ 1 nínú 80, ó di nǹkan bí 40 m.

Kò sí ohun tí páàdì wúrà lè ṣe sí i. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ táyà á dúró, ọkọ̀ á ṣì máa yọ̀ lọ, ojú táyà yín á gé pẹrẹsẹ níbì kan, láti ọjọ́ yẹn ẹ ó máa gbọ́ gbà-gbà-gbà lójoojúmọ́.

Nítorí náà ara wágọ̀nù ni bíréèkì gidi ń gbé, níbi tí èèyàn jókòó, níbi tí ìwúwo wà. Ti ọkọ̀, fún ìdúró ní ibùdókọ̀ ni, kó má sá lọ nígbà tẹ́ ẹ bá ń daná. Ibi tẹ́ ẹ ti fẹ́ ná owó, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ná an: wágọ̀nù, fonte lórí gbogbo táyà rẹ̀, ọ̀pá ìfà tó ń pín agbára dọ́gba kó má jẹ́ páàdì kan nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

Bíréèkì oru ńkọ́? Ó rẹwà, ó dùn-ún wò. Oru máa ń di omi nínú sílíńdà kékeré yẹn tó bá ṣì tutù, kì í tètè mú, kì í tètè jọ̀wọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ, sílíńdà bronze, písítínì inox tó ní o-ring Viton, òrùka bíi rọ́bà tó lè gba ooru. Èmi, ti ọwọ́ ni mo fi sára tèmi.

* * *

Ará Kétu padà wá, wọ́n ní ọ̀pá kan wà nílé ẹnì kan tó ń lọ àgbàdo, ẹ̀rọ ìlọta ọ̀hún ti kú, ọ̀pá náà nípọn tó 25 mm, ó gùn, wọ́n fẹ́ fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé kóun gbà á?

Ẹ gbà á kí wọ́n tó yí ọkàn padà. Lẹ́yìn náà ẹ fi fáìlì tó ṣì mú fá a níbi mẹ́ta, ní ìparí méjèèjì àti láàárín, ibi tí bíárìn ti jókòó lè le ju ibi yòókù lọ. Tí fáìlì bá yọ̀ lórí rẹ̀ bíi gíláàsì, ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ àti eérú ló kàn. Tó bá wọ̀ ọ́, ẹ fi í kan meule, òkúta tó ń yí tí wọ́n fi ń lọ irin, díẹ̀ kẹ́ ẹ wo iná tó ń ta: tó bá gùn tí ò pín, irin rírọ̀ ni, tó bá ń bú gbàù bí ìràwọ̀ kéékèèké, carbone pọ̀ nínú rẹ̀, ó ṣì wúlò, ẹ kàn máa rọra gé e ni. Ẹ gbé e sórí irin méjì tí wọ́n gé bíi v, tàbí láàárín pointe tour, ẹnu ṣóńṣó méjì tó ń di irin mú, kẹ́ ẹ yí i, ọ̀pá ìlọta sábà máa ń tẹ̀ nítorí bẹ́líìtì tó ń fà á ní ẹ̀gbẹ́ kan. Apá tó gún nìkan ni kẹ́ ẹ gé, mẹ́ta tẹ́ ẹ nílò á jáde nínú rẹ̀.

Ẹ sọ fún tourneur yẹn pé kó gé ibi táyà méjèèjì àti ibi bronze méjèèjì láàárín pointe, kó má tú u sọ̀kalẹ̀ láàárín kan. Kó fi ibi táyà sẹ́yìn gbogbo iṣẹ́ yòókù, kó sì ní táyà gan-an lọ́wọ́ nígbà tó bá ń gé e. Tó bá ní irin ni irin ń jẹ́, ẹ gbé ọ̀pá yín wá sí Àjàṣẹ́.